Ẹ̀fúùfù Tó Wà Lẹ́yìn Bàálù ní Etíkun Maho

Bí ẹ bá dúró sórí iyanrìn Maho, tí ẹ kọjú sí òkun, iná lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan á tàn lókè omi lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó sì rò pé kò kúrò lójú kan. Ó máa ṣe díẹ̀ kí apá bàálù tó yọ lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà ni táyà á hàn. Ariwo rẹ̀ kò tíì dé rárá ní gbogbo àkókò yìí. Nígbà tí etí yín bá fi máa gbọ́ ọ dáadáa, bàálù ti dé orí yín.

Erékùṣù Saint Martin ní òkun Caribbean ni etíkun yìí wà. Láti ọdún 1648 ni Faransé àti Netherlands ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn jọ máa pín in: Faransé mú apá àríwá, Netherlands mú apá gúúsù, èyí tí wọ́n ń pè ní Sint Maarten. Apá gúúsù yìí ni pápákọ̀ òfuurufú Princess Juliana wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1942, ni wọ́n là á fún bàálù àwọn ológun. Lọ́dún 1943 ó di ti ará ìlú. Orúkọ ọmọ ọba tó ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dún 1944 ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín láti àdúgbò Maho. Ẹ ó gba àárín àwọn ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù kọjá, títì á sì gbé yín jáde sétí omi. Ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Sunset wà létíkun náà. Pátákó gígùn tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun kan wà lóòró níbẹ̀, aago tí àwọn bàálù ńlá máa dé ni wọ́n kọ sí i lára. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ wò kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Èwo ló ń bọ̀ láti Paris? Èwo ló ń bọ̀ láti Amsterdam? Títí di ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2016, Boeing 747 ti KLM ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ọjọ́ náà ló wá kẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì tíì yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ máa rìn lọ létí omi láti Maho. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ọgbà wáyà pápákọ̀ wà lọ́wọ́ òsì, títì tẹ́ẹ́rẹ́ tí mọ́tò ń gbà sì wà láàárín. Kò sí ohun mìíràn láàárín omi àti ọ̀dà tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ọ̀dà náà gùn tó mítà 2,300. Èyí tó gùn jù ní pápákọ̀ Múrítàlá ní Ìkejà tó mítà 3,900. Òkè ló sì wà níwájú ọ̀dà ti Maho lápá ìlà oòrùn. Awakọ̀ tó gbé bàálù ńlá wá síbẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó lè fi ṣòfò, nǹkan bí mítà 20 péré ló máa ń fi ga ju iyanrìn lọ nígbà tó bá ń kọjá.

Mo dúró láàárín èrò lọ́sàn-án tí oòrùn ti ń yẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ láti Paris ni. Òjìji rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba orí wa kọjá, ilẹ̀ ṣú lójijì. Mo gbójú sókè, mo rí ìlà tó wà lára táyà, mo rí ojú ọ̀nà tí òróró ti ṣàn gbà lábẹ́ ikùn rẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí mi wú. Òórùn kẹrosíìnì gbígbóná bò wá mọ́lẹ̀. Ó ti kọjá, táyà ti kan ọ̀dà, èéfín ti sọ, kí n tó gbọ́ ìró kan lókè tó ń han tó sì ń yí: afẹ́fẹ́ tí apá rẹ̀ là kọjá ló ṣì ń lọ́ po.

“Yéè! Olúwa mi ò!”

Mo yíjú kíá. Ìyá kan ló wà lẹ́yìn mi tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Mo ní, “Ẹ káàsán o, Mà.”

“Háà! Ọmọ wa ni! Àbúrò mi, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyí?”

Houston ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ló gbé wọn dé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ọmọkùnrin wọn kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ti ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sídìí ọgbà wáyà.

Ìdí wáyà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sábà yẹ̀, láti ìlà oòrùn ló ń fẹ́ wá. Bàálù máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ bó bá ń balẹ̀, ó sì máa ń kọjú sí i bó bá ń gbéra. Nítorí náà, etíkun kan náà tí wọ́n ń gba orí rẹ̀ wọlé ni wọ́n tún ń kọ ẹ̀yìn sí bí wọ́n bá ń lọ. Èyí tó wúwo máa ń fẹ́ lo gbogbo ọ̀dà, á lọ dúró sí ìpẹ̀kun pátápátá, ìdí rẹ̀ á kọjú sí àwọn èèyàn. Awakọ̀ lè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì gbóná dé ojú agbára rẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀ńjìnnì yẹn bá tì jáde, orí wáyà, títì àti iyanrìn ni yóò bọ́ sí.

Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ó ní ẹ̀fúùfù bàálù lè ṣe èèyàn léṣe gan-an, ó sì lè pa èèyàn. Abẹ́ pátákó yìí gan-an ni wọ́n ti ń ya fọ́tò.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí bàálù kan ń múra àtilọ, mo sì ń wo àwọn èèyàn náà. Wọ́n ti ìka bọ ojú wáyà, wọ́n dì í mú, wọ́n ń pe ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irun nìkan ló ń fò. Lẹ́yìn náà ni fìlà lọ, táwẹ́ẹ̀lì lọ, sálúbàtà lọ, gbogbo rẹ̀ kọrí sínú òkun. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ta sí wa lójúgun bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀wà gbígbẹ lu páànù. Ẹsẹ̀ obìnrin kan kúrò nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó so ó mọ́ wáyà. Ẹ̀rín ló ń rín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí mo ń wo kọnkéré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2017, obìnrin ọmọ New Zealand kan, ẹni ọdún 57, di wáyà yìí mú. Bàálù tó ń lọ sí Trinidad ló fẹ́ gbéra. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ já a gbà, ó sọ ọ́ sẹ́yìn, orí rẹ̀ kan kọnkéré, ó sì kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ ní erékùṣù náà. Ìgbafẹ́ ni wọ́n bá wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé èyí tó ń gba orí wọn kọjá ló léwu. Ó ní ewu tirẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 kan náà, bàálù WestJet kan tó ń bọ̀ láti Toronto kó sínú òjò nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ṣi ilé ìtura tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ mú, wọ́n rò pé ọ̀dà ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó ku nǹkan bí mítà 12 kí wọ́n kan òkun kí wọ́n tó gbé e sókè padà. Wọ́n lọ yípo títí ojú ọjọ́ fi là, wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀. Ẹni tó bá wà ní etíkun nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ lè máa pàtẹ́wọ́, nítorí ojú lásán kò lè mọ èyí tó ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ, yàtọ̀ sí èyí tó ń fò bẹ́ẹ̀ torí pé awakọ̀ ti ṣìnà.

Àmọ́ ọwọ́ awakọ̀ ni ewu yẹn wà. Èyí tó wà nídìí wáyà, àwa fúnra wa là ń rìn lọ bá a. Ìjì Irma ba pápákọ̀ náà àti gbogbo etíkun yẹn jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, àwọn èèyàn tún padà sídìí wáyà.

Ní tèmi, pátákó nìkan kò tó. Ní Gibraltar, níbi tí títì ìlú ti gba àárín ọ̀dà bàálù kọjá, wọ́n máa ń ti títì náà pa bí bàálù bá ń bọ̀ tàbí tó ń lọ, ẹlẹ́sẹ̀ á sì dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mọ́tò náà fi ń dúró bẹ́ẹ̀ kí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó ṣí fún wọn ní 2023. Kí ló dé tí Maho kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n gbé irin dábùú títì náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí bàálù ńlá bá fẹ́ gbéra, kí wọ́n sì fi èèyàn síbẹ̀ tí yóò lé èrò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Houston yẹn kò gbà fún ọmọ wọn. Wọ́n dì í lọ́rùn ọwọ́ mú, wọ́n ní, “Òkè lo wá wò, dúró níbí kí o wò ó.” Ọmọ náà bínú títí tí bàálù mìíràn fi dé.

Bí Ọlọ́run bá gbé ẹ̀yin náà débẹ̀, ẹ lọ. Ẹ dúró sórí iyanrìn, kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ pariwo bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí i pé bàálù kan ti kọ ìdí sí yín, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ rìn kúrò níbẹ̀ kíákíá, sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sẹ́yìn.