Oníkọ́ Fée, Ìlú Wo Ni Ẹ Fẹ́ Kó Lọ?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn etí omi máa ń bi àwa olùkọ́ bí ẹni pé dókítà ni wá. Ìyá tí ń yan ẹja ní Màkún-Omi yóò di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, yóò ní: "Tíṣà, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí kò sùn lóru àná, àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè. Wọ́n ní omi tí a ń gbé létí rẹ̀ ni. Ìlú wo lẹ rò pé kí n gbé e lọ?" Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi náà á béèrè tirẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ kọ ìwé tíránsífà: ṣé Ìjẹ̀bú-Òde ni, àbí Ìbàdàn, tàbí kí òun kúkú lọ bá àbúrò òun ní Jọ́ọ̀sì níbi tí ara ti ń tutù?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn síwájú, kí àlàyé tẹ̀lé e. Ìlú kì í wo ikọ́ fée sàn. Ìlú lè mú kí ó dẹwọ́, ìlú sì lè mú kí ó le sí i, ṣùgbọ́n àrùn náà yóò bá ẹni tí ó ni ín wọ ọkọ̀ ni. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà nìyí: àwọn ọ̀nà tóóró tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró a máa wú, wọn a fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí ìwọ̀nba àyè tí ó kù. Eruku, èéfín, òórùn líle, òtútù àti ọ̀fìnkìn wà lára ohun tí ń ru ú sókè, ṣùgbọ́n èyí tí ń yọ ọ̀kan lẹ́nu lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí ń lé òun, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí yóò sá sí? Kì í ṣe àrùn tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ènìyàn mílíọ̀nù 262 ni ó ní in ní 2019, ó sì pa nǹkan bí 455,000 nínú ọdún náà.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ronú àtikó kúrò nílé nítorí rẹ̀. Ernesto Guevara, ẹni tí ayé mọ̀ sí Che, kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí ikọ́ fée mú un ní ilẹ̀ Ajẹntínà. Ní nǹkan bí 1932, àwọn òbí rẹ̀ kó gbogbo ilé lọ sí Alta Gracia, ìlú kan lẹ́bàá òkè, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó tilẹ̀ di dókítà, ṣùgbọ́n ikọ́ kò fi í sílẹ̀. Ní 1967, ọdún tí wọ́n pa á ní Bòlífíà, àìrí òògùn ikọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó dá a lóró nínú igbó.

Ti àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn oníkọ́ fée ibẹ̀ máa ń ṣí lọ sí Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ. Wọ́n dé ibẹ̀ tán, àárò ilé ń sọ wọ́n, wọ́n bá gbin koríko àti igi tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ìtànná igi wọ̀nyí kún afẹ́fẹ́, títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin ní àwọn ọdún 1980 láti dẹ́kun títa àwọn kan nínú wọn. Wọ́n sá fún ọ̀tá, wọ́n tún dì í mọ́ ẹrù wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù fún ará etí omi ni Davos, ìlú orí òkè ní Switzerland, tí ó fi nǹkan bí mítà 1,560 ga ju òkun lọ. Àwọn ará Họ́láǹdì máa ń rán oníkọ́ fée lọ síbẹ̀, ara wọn a sì fúyẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Voorhorst, Spieksma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Leiden yẹ eruku ilé wò, wọ́n sì rí i pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Inú bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí ni ó ń gbé, èépá tí ń ṣí lára wa ni oúnjẹ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń ta àyà. Kò lè yè níbi tí kò bá sí ọ̀rinrin. Davos gbẹ, ó tutù, kòkòrò náà sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí aláìsàn bá wá padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Họ́láǹdì, ikọ́ náà a máa padà.

Ẹ wá wo Màkún-Omi. Ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà wa, òkun kò jìnnà, òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹwàá, àfi ìsinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù ọdún mẹ́wàá wà nínú yàrá tí a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, dúdú-dúdú sì ń hù lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ààfin kòkòrò náà gan-an nìyẹn! Bí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì kan náà sínú ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ẹ ti gbé ikọ́ dání. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ẹ fi ọ̀rá bo fóòmù náà yí ká lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sá a sínú oòrùn tí ó mú, ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dènà ẹ̀fọn dípò òògùn tí a ń tanná sí tí ń rú èéfín mọ́jú.

Èéfín yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù, nítorí inú rẹ̀ ni owó wa ti ń wá. Ẹja tí a kò bá yan kì í pẹ́ bàjẹ́. N kò ní sọ fún ìyá oníṣòwò pé kí ó pa iná rẹ̀. Ta ni yóò san owó ilé ìwé ọmọ? Ṣùgbọ́n ààrò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ọmọ ń sùn. Láti ìhà òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, nítorí náà ìhà àríwá ilé ni kí ààrò wà, kí èéfín máa lọ, kí ó má máa wọlé. Kí wọ́n má sì fi ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún ṣọ́ iná.

Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Òótọ́ ni pé ìlú náà tutù. Orí òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ni ó wà, àwọn òyìnbó ayé ìjọba àmúnisìn a sì máa lọ sinmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọyẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀, pàápàá láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, àwọn ará òkè ọya ni ó sì ń kọ́kọ́ bá. Kí ó tó dé etí òkun, agbára rẹ̀ ti dín kù. Òru Jọ́ọ̀sì nínú ọyẹ́ gbẹ, ó sì tutù gan-an, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù tí ó gbẹ máa ń fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ẹni tí ọ̀rinrin ń pa lára lè jèrè níbẹ̀. Ẹni tí eruku àti òtútù ń pa lára ti sá wọ ẹnu ẹkùn.

Nítòsí wa, Ṣágámù ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ṣùgbọ́n ó ní ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì pẹ̀lú. Oníkọ́ fée tí ó bá gba ilé sẹ́bàá irú ibẹ̀ ti ní kí ẹni tí ata wà lẹ́nu rẹ̀ wá fẹ́ òun lójú. Èkó ní dókítà púpọ̀, ó sì ní èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú ọ̀rinrin bíi tiwa. Àwọn òkè Èkìtì, bí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tutù ju etí omi lọ, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò lè di oníbàárà rẹ̀ sínú agbọ̀n kó lọ. Ìjẹ̀bú-Òde kò tutù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò jìnnà sí ọjà wa, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà níbẹ̀.

Ní tèmi, bí ilé ìwòsàn ti jìnnà tó ni mo fi ń wọn ìlú, kí n tó wo ojú ọjọ́ rárá. Bí ikọ́ bá dé láago méjì òru, tí ètè ń ṣú, tí ènìyàn kò lè sọ gbólóhùn kan parí, kì í ṣe ìgbà náà ni à ń wá ẹni tí yóò tu ọkọ̀. Òògùn sì ńkọ́? Oríṣi ínhélà méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń ṣí ọ̀nà èémí kíákíá nígbà tí ìnira bá dé. Èkejì ni dókítà máa ń ní kí a fà lójoojúmọ́, bí ara tilẹ̀ yá, kí ọ̀nà náà má baà wú. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Láti oṣù kẹjọ 2023, tí GlaxoSmithKline kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, ínhélà ti gbówó lórí. Nítorí náà, ẹ ṣírò owó ìkẹ́rù, owó ilé tuntun àti ọjà tí ẹ óò pàdánù, kí ẹ wò ó bóyá owó yẹn kò ní ra òògùn ojoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò, tí ẹ ti tún yàrá ṣe, tí ọkàn yín ṣì ń sọ pé kí ẹ kó, ẹ kọ́kọ́ lọ sùn ní ìlú náà. Kí olùkọ́ má fi ìsinmi gígùn dán an wò, nítorí oṣù kẹjọ ni ó ń bọ́ sí, nígbà tí òjò dáwọ́ díẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì sí nítòsí. Ìlú wo ni kò tura ní oṣù kẹjọ? Ìsinmi Kérésìmesì ni kí ẹ lò, kí ẹ bá ọyẹ́ ibẹ̀ pàdé. Ẹ tún lọ ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan. Ẹ jí ní agogo mẹ́rin ìdájí, ẹ gbọ́ bí àyà yín ti ń dún, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé: ṣé sọ́mìlì ni, ṣé búkà, ṣé ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, ṣé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò? Ẹ mú ínhélà yín dání, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ilé ìwòsàn, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ó gbà yín. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó kọ ìwé tíránsífà, tàbí kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù.