Ìtẹríba Tọkọtaya

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà ní Onitsha níbí ń múra ìgbéyàwó. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì fi Éfésù orí 5, ẹsẹ̀ 22, gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀: kí aya tẹríba fún ọkọ. Ó parí.

Kò tíì parí o! Ẹ jẹ́ kí a sún sẹ́yìn díẹ̀. Ní ẹsẹ̀ 21, Pọ́ọ̀lù ti ní kí gbogbo onígbàgbọ́ máa tẹríba fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ aya tí ó tẹ̀ lé e kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Láti 25 ni ó ti kọjú sí ọkọ: kí ó fẹ́ aya rẹ̀ bí Kristi ti fẹ́ ìjọ, tí ó sì kú nítorí rẹ̀. Nínú ẹni tí a ní kí ó tẹríba àti ẹni tí a ní kí ó kú, ta ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù? Pétérù tilẹ̀ kìlọ̀ pé ọkọ tí kò bu ọlá fún aya rẹ̀ ń dènà àdúrà ara rẹ̀.

Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, ni òun àti John Christopher Taylor dá ìjọ CMS sílẹ̀ ní Onitsha yìí ní 1857. Olùkọ́ sì ni Asano, aya tí ó fẹ́ ní 1829.

A ti ní kí arábìnrin wa ka ẹsẹ̀ 25 sókè sí bàbá náà létí. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.