Òkè Wo La Ó Gùn Lọ́dún Yìí?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ọdún yìí ti di àríyànjiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ní Ìdànrè làwọn ń lọ. Lóòótọ́, òkè náà dùn-ún wò, àmọ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ẹni tó bá kúrò ní Ṣómólú láàárọ̀ kò lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà láìfi òru rìn. Owó ibùsùn ńkọ́? Àpò ẹgbẹ́ ni, àpò yẹn náà la sì fi ń yá ara wa lówó ọjà.

Olúmọ ní Abẹ́òkúta ló wu àwa. Kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. A ó gba Ojota, Ìbàfò, dé Ṣágámù, ká tó yà sósì. Lábẹ́ àpáta yìí làwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Ti àwọn ìyá wa tí orúnkún ń dùn, wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ ní 2006, àmọ́ kí akọ̀wé kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àgbà ń bọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ihò tí wọ́n sá sí kò ga tó orí òkè, wọ́n lè dúró níbẹ̀.

Tí a bá sọ̀kalẹ̀, ó di ọjà Ìtòkú, ojúbọ àdìrẹ. Ẹni tó bá mọ ọjà á rà, yóò rí owó ọkọ̀ rẹ̀ gbà padà lórí àtẹ rẹ̀ níbí.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ Ìdànrè, kó wá wí tẹnu ẹ̀.