Àmì tó yẹ kí ọlọ́tí tètè rí lára oníbàárà rẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ilé ọtí kì í ṣófo lágbègbè Ojúẹlẹ́gbà ní Sùúrùlérè, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ta páráagà nítòsí ibùdókọ̀ Múṣin àti Yábà kì í sinmi. Awakọ̀ wà lára àwọn oníbàárà wọn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́tí ló gbà pé ìgbà tí èèyàn bá ń ta gbọ́ngbọ́n ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yó. Àṣìṣe gbáà ni.

Ìgò bíà ńlá, tó gba sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú. Gíráàmù bíi 7 sí 10 péré ni ẹ̀dọ̀ ń mú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá mu ìgò mẹ́ta ní wákàtí kan, ọtí tó ju ìgò méjì lọ ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbé ife sílẹ̀ ṣì lè yó sí i lẹ́yìn bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí oníbàárà ṣe rí nígbà tó wọlé ni kí ọlọ́tí fi wé bó ṣe rí báyìí. Ẹni tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ó sì ń yára mu. Lẹ́yìn èyí, ahọ́n a wúwo, kò ní í lè ka owó pé, ife a sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtagbọ́ngbọ́n ló máa ń kẹ́yìn.

Àmọ́ ẹni tí kò mu púpọ̀ tó sì ń ṣe bí ẹni tó yó lè jẹ́ aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Bó bá ní ojú òun ń ṣú, májèlé lè wà nínú ọtí náà. Lọ́dún 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ju èèyàn mẹ́wàá lọ ní agbègbè Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bí àmì bá ti hàn, kí ọlọ́tí pe oníbàárà náà sẹ́yìn, kó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé ó tó. Omi tàbí kọfí kò lè mú ọtí kúrò lójú, àsìkò nìkan ló lè ṣe é. Bó bá sùn tí kò ṣeé jí, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì pe 112 tàbí 767. Bó bá jẹ́ awakọ̀, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ìdarí ọkọ̀ mú. Èrè orí ìgò kan kò tó ẹ̀mí èrò inú ọkọ̀.