Bí Ọ́ìlì Kò Bá Dé Inú Ẹ́ńjìnnì: Ohun Tó Yẹ Kí Awakọ̀ Ojú Omi Mọ̀

Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, títí dé etí òkun Ìlàjẹ, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ló ń gbé èrò àti ẹrù. Àwọn tòkúnbọ̀ kan wà nínú wọn tó ní pọ́ǹpù tó ń fi ọ́ìlì sínú bẹntiróòlù fúnra rẹ̀. Ọdún 1984 ni Johnson àti Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú èyí tí wọ́n ń pè ní VRO. Yamaha àti Mercury náà ní tiwọn. Bí pọ́ǹpù yìí bá ti gbó, wàhálà dé nìyẹn.

Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì two-stroke kò rí bíi ti mọ́tò tí ọ́ìlì ń yí po nínú rẹ̀. Tiẹ̀, ọ́ìlì àti bẹntiróòlù jọ ń wọlé ni, wọ́n sì jọ ń jóná. Bí ọ́ìlì bá dáwọ́ dúró, písítìn á gbóná, á há mọ́ sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì á kú. Bó bá wá jẹ́ àárín ọ̀sà ni, tí èrò kún ọkọ̀, tí ìjì sì ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó àtúnṣe.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ kò pọ̀. Rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá á gan, á sán, afẹ́fẹ́ á wọlé. Omi lè wọ inú táǹkì ọ́ìlì, á sì lọ jókòó sísàlẹ̀. Nínú àwọn kan, gíà oníke tó ń yí pọ́ǹpù á jẹ tán. Ẹ má sì gbọ́kàn lé àláàmù jù: omi iyọ̀ máa ń jẹ wáyà rẹ̀, àwọn míì kò sì ń ké àfi tí ọ́ìlì inú táǹkì bá lọ sílẹ̀. Pọ́ǹpù lè ti kú kí táǹkì ṣì kún!

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fúnra yín, kí ẹ fi àmì sí ibi tí ọ́ìlì dé nínú táǹkì rẹ̀, kí ẹ wá wa ọkọ̀ náà nítòsí èbúté. Èéfín á pọ̀ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Bí ọ́ìlì kò bá lọ sílẹ̀ rárá, pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní kí mẹkáníìkì yọ pọ́ǹpù náà kúrò, kí wọ́n máa fọwọ́ po ó. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni ọ́ìlì kan sí bẹntiróòlù àádọ́ta: ìdajì lítà ọ́ìlì fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti mọ́tò.

Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ méjì bá ń lo ọkọ̀ kan, kí àwọn méjèèjì mọ̀ pé wọ́n ti yọ pọ́ǹpù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára táǹkì. Ẹnì kan péré tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i, ó ti tó láti pa ẹ́ńjìnnì náà.