Ìdáàbòbò abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀ ojú ọ̀nà

Ìdáàbòbò abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀ ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ́tò ń ṣe kí ìpáàrà má baà jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ wọn ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti máa ń bo títì nígbà òtútù. Ó wọ́pọ̀ ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà. Ọ̀nà méjì ló pín sí: fífọ iyọ̀ kúrò, àti fífi ọ̀rá tàbí ìda bo irin. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì, nítorí pé ohun tí a bá fi bo irin tí iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ yóò há iyọ̀ náà mọ́ ibẹ̀ ni.

Ìdí tí a fi ń da iyọ̀ sí títì

Omi lásán máa ń dì ní 0 °C. Bí iyọ̀ bá wọ inú rẹ̀, òtútù gbọ́dọ̀ mú ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dì. Omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa lè wà láìdì títí di nǹkan bí −21 °C. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà dán iyọ̀ wò lójú títì ní 1938, àṣà náà sì tàn kálẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni sodium chloride, irú iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, àmọ́ tí a kò fọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí òtútù bá ti le jù, wọ́n ń lo calcium chloride tàbí magnesium chloride. Àwọn méjì yìí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ibi tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ kì í tètè gbẹ.

Bí iyọ̀ ṣe ń ba irin jẹ́

Irin máa ń dógùn-ún nígbà tí omi àti ọ́síjìn bá jọ kàn án. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ń mú kí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí yá gan-an, ooru sì tún ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí iyọ̀ bò, tí a sì gbé sínú gáréèjì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi lè tètè dógùn-ún ju èyí tó wà níta nínú òtútù lọ.

Táyà ń fọ́n omi oníyọ̀ sí ṣásì, sí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, àti sí páìpù búréèkì. Ti páìpù búréèkì ló léwu jù, nítorí pé bí ó bá jò, ọkọ̀ lè kọ̀ láti dúró. Ní 2015, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, rọ àwọn tó ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2007 tàbí ṣáájú, ní àwọn ìpínlẹ̀ tí iyọ̀ ti pọ̀, pé kí wọ́n máa fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ páìpù búréèkì wò.

Fífọ̀

Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti ìsàlẹ̀ ni a fi ń fọ abẹ́ ọkọ̀ lóòrèkóòrè nígbà òtútù. Fífọ̀ ìkẹyìn, nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ṣe pàtàkì, torí pé iyọ̀ tó bá ṣẹ́kù yóò máa ṣiṣẹ́ nínú ooru. Àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ dí.

Bíbò

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń fi síǹkì àti ọ̀dà bo irin rẹ̀. Lórí èyí, onímọ́tò lè fi nǹkan mìíràn kún un:

- Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ máa ń wọ ojú ibi tí irin ti pàdé irin, ṣùgbọ́n omi ń fọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà ọdọọdún ni a ń tún un fín kí òtútù tó dé.
- Ọ̀rá tí a yọ lára irun àgùntàn nípọn díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ ju ọ́ìlì fẹ́lẹ́ lọ.
- Ìda dára fún inú irin oníhò.
- Ohun oníròbà tó nípọn ń gba ìkọlù òkúta, ṣùgbọ́n bí ó bá sán, omi yóò wọ abẹ́ rẹ̀, ìpáàrà yóò sì máa gbilẹ̀ láìsí ẹni tó rí i.

Kí a tó fín ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ fọ irin, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà tó ń ṣí kúrò, kí ó sì gbẹ. A kì í fín in sí sálẹ́ńsà, nítorí ooru rẹ̀, tàbí sí ara búréèkì, nítorí pé kò ní mú ọkọ̀ dúró mọ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Èkó àti Cotonou wọlé ti rìn ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà rí. Òkè ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa dán nígbà tí ìpáàrà ti jẹ ṣásì rẹ̀ gbó. Ó tọ́ kí a gbé e sókè, kí mẹkáníìkì sì yẹ ṣásì àti páìpù búréèkì wò kí a tó sanwó. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àgbà kì í ṣe ẹ̀rí pé irin rẹ̀ le. Ó lè jẹ́ pé ìpáàrà ni wọ́n fi bò.