Abúlé Tí Etí Ń Ṣọ́

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó máa bó o, ẹni tí oorun ń kùn kó lọ bọ́jú. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí jìn. Orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Indonéṣíà, níbi tí oòrùn ti máa ń là kó tó kan tiwa. Erékùṣù ni gbogbo rẹ̀, wọ́n lé ní 17,000, àwọn òkè tó ń pọ iná lẹ́nu sì wà láàrin wọn. Iná lókè, omi nísàlẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fara balẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì, tó ń sin màlúù, tó ń bímọ, tó sì ń fi ọkàn balẹ̀ sùn. Kí ló ń ṣọ́ ọ? Ibẹ̀ ni ìyanu wà.

Bí ẹ bá wọ abúlé kan ní erékùṣù Java lóru, ẹ ó bá àtíbàbà kékeré ní ìkóríta, àwọn ọkùnrin mẹ́rin márùn-ún á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa mu kọfí, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ kí oorun má baà gbé wọn lọ. Ọdẹ òru ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Onílé ni wọ́n; àwọn ló kàn lónìí, lọ́la á kan ẹlòmíràn. Ronda ni wọ́n ń pe ìṣọ́dẹ náà. Ohun kan á sì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, igi tàbí ọparun tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n la ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára. Kentongan ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ onídùndún, ẹ mọ̀ pé ìlù ń pe èèyàn lórúkọ. Ewu ni kentongan ń pè ní tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dákẹ́ láàrin, èèyàn ti kú. Bó bá dún ní méjì-méjì, olè ti wọlé. Mẹ́ta-mẹ́ta, iná ń jó. Mẹ́rin-mẹ́rin, omi tàbí àjálù mìíràn ti dé. Bó bá di márùn-ún márùn-ún, wọ́n ti tú ẹran lórí ìso. Èyí tí wọ́n bá sì ń lù kíákíá láìdúró, kí onílé fò dìde, ewu ti kan orí. Ìró kan tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́, tí á máa yára bọ̀. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé ayé tòrò, ẹ máa sùn. Àtíbàbà kan á gbà á lẹ́nu èkejì, abúlé kan á gbà á lẹ́nu òmíràn. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olè wo ló lè sá ju ìlù tó ti dé abúlé kẹta kí òun tó fa màlúù kọjá odò?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so agolo kékeré tàbí kóńkó ọparun kan rọ̀. Kí ìyáálé ilé tó wọlé sùn, á bu ìrẹsì sínú rẹ̀, ìwọ̀n ohun tí ìka mélòó kan lè mú, tàbí ṣíbí kan. Lóru, àwọn ọdẹ á máa ti ibi agolo kan dé òmíràn, wọ́n á máa dà á sínú àpò. Jimpitan ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó onírin ti ń rọ́pò ìrẹsì níbi púpọ̀ lóde òní. Ti ilé kan kò tó àdìẹ jẹ yó. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ilé, ẹ ka iye òru tó wà nínú oṣù! Wọ́n á ta ìrẹsì náà, owó rẹ̀ á tún ojú ọ̀nà ṣe, á ran aláìsàn lọ́wọ́, á tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ tún ju owó lọ: ẹni tó fẹ́ kó ìrẹsì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo. Kò lè jókòó ti kọfí kó ní òun ti ṣọ́ abúlé. Bí agolo arúgbó tó ń dá gbé bá sì ṣófo ní òru méjì tẹ̀ léra, ta ni kò ní kan ilẹ̀kùn wò? Ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà kì í sọ apá kan kó gbé ìkejì mì. Ojú tó ń ṣọ́ ilé fúnni, ó lè yí padà kó máa ṣọ́ni. Ètò kan wà níbẹ̀ tí ilé mélòó kan fi ń wà lábẹ́ olórí kan, tí àlejò tó bá sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ fojú kàn án kí wákàtí 24 tó pé. Ìgbà tí àwọn ará Jàpáànù gba ilẹ̀ náà, láàrin 1942 sí 1945, ni wọ́n gbé irú rẹ̀ wọlé, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ìjọba Ààrẹ Suharto, tó wó lulẹ̀ ní 1998, náà fi ṣọ́ àwọn ará ìlú dáadáa. Ní ọdún 1998 yẹn kan náà, ní Banyuwangi, níhà ìlà oòrùn Java, wọ́n ń pa àwọn èèyàn tí wọ́n fura sí pé oṣó ni. Jìnnìjìnnì bo gbogbo abúlé, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà lóru sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọwọ́ lé àjèjì tí kò mọ nǹkan kan. Ìlù tó ń pe ará ilé wá ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ ló tún lè pè wọ́n wá sọ òkúta. Nítorí náà, etí nìkan kò tó. Ó yẹ kí làákàyè jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Banten, níhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Java, lọ́dọ̀ àwọn Baduy tó ń gbé ní òkè Kendeng. Ọparun àti igi ni ilé wọn, ewé ni òrùlé, wọ́n sì fara kanra. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè jẹ odidi abúlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kó àká ìrẹsì wọn, tí wọ́n ń pè ní leuit, sí ẹ̀yìn abúlé, jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná. Àká náà dúró lórí ẹsẹ̀ igi. Láàrin ẹsẹ̀ àti ara àká, wọ́n fi pátákó róbótó kan sí i, ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Eku á gun ẹsẹ̀ náà tayọ̀tayọ̀, á dé abẹ́ pátákó, orí rẹ̀ á kàn án gbàù. Kò ní ibi tí yóò dì mú, á yí padà, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ebi rẹ̀. Wọn kì í ta ìrẹsì inú àká yẹn. Bí ilé bá jó mọ́jú, ẹni tó ń sunkún ilé kò ní sunkún oúnjẹ. Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ní erékùṣù Sulawesi, lọ́dọ̀ àwọn Bugis, ilé pákó tó dúró lórí òpó ni wọ́n ń kọ́. Bí onílé bá fẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ kan, kò ní wó ilé. Wọ́n á kó àwo àti ẹrù wúwo jáde, wọ́n á so ọparun mọ́ ìsàlẹ̀ ilé, àwọn ọkùnrin abúlé, tí wọ́n máa ń tó 100 nígbà mìíràn, á fi èjìká gbé e, ẹnì kan á máa ké pè wọ́n kí ẹsẹ̀ wọn lè ṣọ̀kan. Odidi ilé á máa rìn lójú ọ̀nà! Wọn kò ní í gba owó iṣẹ́. Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu, ó parí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èyí tó mú mi ṣí fìlà ni ti Simeulue, erékùṣù kan níwájú agbègbè Aceh. Ní oṣù kìíní ọdún 1907, ilẹ̀ mì níbẹ̀, òkun fà sẹ́yìn, ó sì padà wá pẹ̀lú ìbínú, ó gbé ilé, ó gbé onílé. Àwọn tó yè fi í ṣe ìtàn, wọ́n fi í ṣe orin tí ìyá àgbà ń kọ sí ọmọ létí. Wọ́n sọ omi náà ní smong. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gùn: bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, tí òkun sì fà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, ẹ gba òkè lọ.

Àwọn tó fojú rí omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí ẹ̀kọ́ yìí tó tún wúlò. Nísàlẹ̀ òkun, ilẹ̀ méjì ti ń ti ara wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ọ̀kan fẹ́ wọ abẹ́ èkejì, èkejì kò gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, èkejì ta dànù bí ọrun tí a fà kọjá agbára rẹ̀. Kò jìnnà sí Simeulue rárá. Nígbà yẹn, kò sí ètò ìkìlọ̀ kankan ní gbogbo Òkun Íńdíà. Ní abúlé Langi ní Simeulue, nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lomi fi dé, kò tó ẹni tó fẹ́ di ẹrù. Ní àwọn etíkun mìíràn, èèyàn sáré wọ inú òkun tó fà, wọ́n ń ṣa ẹja. Ní Simeulue, àgbà pariwo smong, ọmọdé gbà á, gbogbo wọn kọrí sí òkè. Ó lé ní 220,000 èèyàn tó kú káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tí omi náà dé. Nínú nǹkan bí 78,000 èèyàn tó ń gbé Simeulue, tó wà lẹ́nu òkun gan-an, èèyàn 7 ló kú. Ilé wọn lọ, ọkọ̀ wọn lọ, àwọn fúnra wọn dúró lórí òkè láàyè. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tiwọn gba ọdún 97.

Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìlù, agolo ìrẹsì, àká ẹ̀yìn abúlé, ìtàn: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sí kí ewu tó dé, nígbà tí ara ṣì tù. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi irin dí fèrèsé, tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, olè nìkan lẹ rántí. Bí iná bá sọ lóru, ariwo wo lẹ ó pa tí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ̀ pé iná ni? Ẹ lọ bá aládùúgbò yín fẹnu kò sí i lọ́la. Kí ẹ sì fi ìdáhùn náà sẹ́nu ọmọ tó kéré jù nínú ilé, torí òun ni yóò pẹ́ láyé jù láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.